Atukọ̀ Tó Ń Béèrè Ẹni Tó Kù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi, ó gbọn ẹsẹ̀ nù, ó wọ inú ọkọ̀. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Kò gbé ọba, kò gbé ìjòyè. Atukọ̀ kan báyìí ló gbé, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo.

"Ìjàpá ńkọ́, Ìyá Àgbà?"

Ìjàpá kò sí nínú èyí, Ṣèyí. Ó rìn púpọ̀ lánàá, ẹ jẹ́ kó sinmi. Àlàbá, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò lórí ẹní mi. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, nítorí iṣẹ́ wà fún yín lónìí. Bí mo bá ti béèrè pé, "Ó ku ẹnì kan bí?", kí gbogbo yín dáhùn pé, "Ó ku èmi o!" Ṣé ẹ gbọ́?

"A gbọ́!"

Ó ku ẹnì kan bí?

"Ó ku èmi o!"

Ṣé ẹ ò jẹun alẹ́ ni? Ó ku ẹnì kan bí?

"Ó ku èmi o-o-o!"

Ẹ̀hẹ́n. Ẹ má gbàgbé o.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì jọ ń jókòó sábẹ́ igi kan náà, tí wọ́n sì ń gbọ́ èdè ara wọn, ìlú kan wà létí odò ńlá. Etídò ni wọ́n ń pè é. Atukọ̀ tó dàgbà jù níbẹ̀ ń jẹ́ Akínsànmí. Òun ló ń gbé alájàpá kọjá odò, òun ló ń gbé ìyàwó tuntun, òun náà ló sì ń gbé òkú. Omi kò jẹ́ kí ilẹ̀ Etídò gba òkú, nítorí náà, orí òkè tó wà lódìkejì odò ni wọ́n ti ń sin ènìyàn wọn.

Àṣà kan wà tí atukọ̀ Etídò kankan kò gbọdọ̀ dà. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí ọkọ̀ ìkẹyìn bá fẹ́ ṣí, atukọ̀ yóò dúró ní ìdí ọkọ̀ rẹ̀, yóò kọjú sí ìlú, yóò béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ni yóò béèrè?

"Ó ku ẹnì kan bí?"

Ó káre. Bí ẹnikẹ́ni bá dáhùn, ì báà ṣe arúgbó tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ láti òkè ọjà, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ṣí. Atukọ̀ yóò dúró dè é. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn ni yóò tó tú okùn.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Akínsànmí, kú nígbà tí ọmọ wọn ṣì ń tẹ̀ tàgétàgé. Akínsànmí fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ̀ gbé e kọjá. Wọ́n ní kó fẹ́ ìyàwó mìíràn, ó ní, "Ẹ jẹ́ n tọ́ ọmọ mi ná." Ó tọ́ ọmọ náà títí irun rẹ̀ fi funfun, kò sì fẹ́ ẹnikẹ́ni.

Omítóyìn lorúkọ ọmọ náà, Àríkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí bàbá rẹ̀ bá ń béèrè ní èbúté, Omítóyìn á gbọ́ ọ láti inú ilé. Á ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, á sáré sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àwọ̀lékè bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, á máa ké pé...

"Ó ku èmi o!"

Bàbá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín. Á ní, "Mo mọ̀ pé ó ku ìwọ, Àríkẹ́." Á gbé e sínú ọkọ̀. Wọ́n á kọjá lọ, wọ́n á padà bọ̀ nínú òkùnkùn, ọmọ á ti sùn lórí ẹsẹ̀ bàbá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn, títí Omítóyìn fi dàgbà, tí òun náà sì gbé àjẹ̀ ìtukọ̀ dání.

Ọdún kan wá wà tí odò kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìtì igi ńlá kan tí àgbàrá ń gbé bọ̀ kọlu Akínsànmí lẹ́yìn. Wọ́n gbé e wálé. Láti ọjọ́ náà, kò dìde mọ́.

"Háà! Pẹ̀lẹ́ o."

Ẹ bá mi kí i pé ó kú ìrọ́jú. Omítóyìn ń tu ọkọ̀ lọ́sàn-án, ó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Wọ́n gún ewé, wọ́n se gbòǹgbò, wọ́n fi òrí pa ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà nítorí ìdùbúlẹ̀. Akínsànmí tó ń gbé àpò iyọ̀ bí ẹni gbé ewé wá rù títí ó fi ku egungun. Oorun á kun gbogbo ilé, ìrora tirẹ̀ kì í sùn. Nígbà tó yá, àwọn tó mọ oògùn pàápàá ní àwọn ti ṣe ìwọ̀n tí àwọn mọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Àwọn ará àdúgbò ti yí i ká. Omítóyìn wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fẹ́ná. Ó kàn gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ tó ń béèrè bí ìgbà tó wà ní èbúté. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kíní. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó ku ẹnì kan bí?

"Ó ku èmi o!"

Bí Omítóyìn ṣe ké náà nìyẹn! Kò rò ó, ẹnu rẹ̀ ló ṣí fúnra rẹ̀. Ó sáré wọlé. Bí ó ṣe wọlé, èémí bàbá rẹ̀ padà, ó lajú. Gbogbo ilé hó yèè. Wọ́n ní Ọlọ́run ti ṣe é.

Ní ọjọ́ kejì, bí oòrùn ṣe ń wọ̀, èémí tún fà. Ó tún béèrè. Omítóyìn tún dáhùn, èémí tún padà. Ìgbà yẹn ló wá yé e. Ọkọ̀ ìkẹyìn bàbá òun ló fẹ́ ṣí. Bí òun bá sì ti ń dáhùn, kò ní ṣí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sunkún. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún ìjẹṣu kan kọjá. Ìjẹṣu kejì kọjá. Kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kò dáhùn. Bí ọjà bá pẹ́ ẹ, á sáré. Bí òjò bá ń rọ̀, á sáré nínú òjò. Ó ku ẹnì kan bí?

"Ó ku èmi o!"

Ó ku ẹnì kan bí?

"Ó ku èmi o!"

Gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ̀ bá padà, inú ìrora náà ló ń padà sí. Omítóyìn mọ̀ ọ́n. Ó ń gbọ́ bí eyín bàbá rẹ̀ ṣe ń pa kéké. Ṣùgbọ́n bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, tó bá ro ilé láìsí ohùn yẹn nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á ṣí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń wẹ egbò ẹ̀yìn rẹ̀, bàbá náà pè é.

"Àríkẹ́."

"Bàbá mi."

"Bí mo bá béèrè ní ìrọ̀lẹ́ òní, má dáhùn."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Èwo ni mo ṣe tí kò dáa?"

"O ò ṣe nǹkan tí kò dáa. Ó rẹ̀ mí ni. Ìyá rẹ ti dúró lódìkejì láti ìgbà tí o kò tíì mọ̀ ọ́n rìn. Mò ń gbọ́ ọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń gbọ́ ọ."

Ó wá kọrin kan. Ohùn náà kò dún ju ti kòkòrò lọ. Ẹ gbè é, "Tú okùn o, tú okùn."

Àwẹ̀ró ń pè mí lódìkejì o,
"Tú okùn o, tú okùn."
Oòrùn ti wọ̀, omi ti rọlẹ̀,
"Tú okùn o, tú okùn."
Ojú rẹ ń ro mí, ojú rẹ̀ ń ro mí,
"Tú okùn o, tú okùn."
Mo dúró láàárín, n ò débì kan,
"Tú okùn o, tú okùn."

Omítóyìn gbọ́ orin náà dé òpin. Ó ní, "Bàbá mi, mo gbọ́." Ìrọ̀lẹ́ dé. Bàbá béèrè. Kí ni Omítóyìn ṣe?

"Ó dáhùn!"

Ó dáhùn. Ṣé ẹ máa bá a wí? Èmi ò lè bá a wí. Ẹni tó ní bàbá kan ṣoṣo láyé, tí kò mọ ojú ìyá, ẹ ní kó dákẹ́. Ó rọrùn lẹ́nu.

Akínsànmí rí i pé ọmọ òun kò ní lè tú okùn náà. Ó wá ránṣẹ́ sí Paramọ́lẹ̀ tó ń gbé lábẹ́ igi ìdáná lẹ́yìnkùlé.

"Yéè! Ejò!"

Ẹ fara balẹ̀, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Paramọ́lẹ̀ wọ́ wọlé, ó ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú."

"Ìwọ náà kú àdúgbò. Paramọ́lẹ̀, eyín rẹ ni mo fẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Paramọ́lẹ̀ gbé orí sókè. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó bá tẹ̀ mí ni mò ń bù jẹ. Ẹ̀yin ò lè dìde, báwo lẹ ṣe máa tẹ̀ mí? Bí mo bá bù yín jẹ níbi tí ẹ dùbúlẹ̀ sí, ìpànìyàn ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìlú sọ̀rọ̀ sí i. Bí Etídò bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ di òfin pé ẹni tí ìrora dá dùbúlẹ̀ tó bá bẹ̀ mí, kí n ràn án lọ́wọ́, màá ràn yín lọ́wọ́. Màá sì ran ẹlòmíràn náà lọ́wọ́."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe dé iwájú Ẹfọ̀n nìyẹn, Ẹfọ̀n tó jẹ́ Baálẹ̀ Etídò. Ènìyàn pé, ẹranko pé, lábẹ́ igi ìyeyè. Wọ́n fi pákó ọkọ̀ gbé Akínsànmí wá. Omítóyìn jókòó síbi orí rẹ̀, ó ń lé eṣinṣin. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bàbá òun ránṣẹ́ sí Paramọ́lẹ̀. Ó dùn ún wọ egungun.

Igún ló kọ́kọ́ dìde. Ó fẹ apá, ó sunkún.

"Ẹ̀yin ará ìlú mi, àánú bàbá yìí ń ṣe mí! Ẹ jẹ́ kó lọ! Kí wọ́n ṣe é lónìí! Kí wọ́n tilẹ̀ sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ìlú, kó lè máa yá!"

Ewúrẹ́ bojú wò ó. "Igún, àánú rẹ yìí, ṣé kì í jẹun ni?"

"Hà hà hà!"

Ẹ rẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Ẹfọ̀n kò rín in. Ó ní, "Igún, jókòó. Ẹni tí ikú ń bọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí nínú ọ̀rọ̀ yìí."

Obìnrin kan dìde, Morónìkẹ́, tó ń yan ẹja létí odò. Gbogbo ẹ̀rín parẹ́, nítorí wọ́n mọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Ó ní, "Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọkọ mi fi ké. Ní ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀ mí pé kí n ran òun lọ́wọ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ń ṣépè fún mi. Ní ọjọ́ keje, kò mọ orúkọ mi mọ́. Ẹ wá kí wa, ẹ ṣeun. Ẹ ní yóò dáa. Lẹ́yìn náà, ẹ relé, ẹ sùn. Bí àgùntàn bá kán lẹ́sẹ̀ nílùú yìí, a kì í fi í sílẹ̀ kó máa jẹ̀rora. Kí lọkọ mi ṣe tí àánú rẹ̀ ò fi tó ti àgùntàn?"

Ewúrẹ́ ló wá dìde, ohùn rẹ̀ sì rọ̀.

"Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n èmi àti àgùntàn yẹn, ẹbí ni wá. Mo mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán. Ẹ ò ní pẹ́ gbọ́ pé ó ti darúgbó. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, àlejò dé. Kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa rí. Ọ̀bẹ tí ẹ bá pọ́n nítorí ẹni tó bẹ̀ yín, inú ilé ló máa wà lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ yín."

Ariwo sọ. Àwọn kan ní òótọ́ ni, àwọn kan ní irọ́ ni. Ẹfọ̀n fi pátákò lu ilẹ̀. Ajá àgbà kan wà níbẹ̀ tí kò ríran mọ́, tí eyín rẹ̀ sì ti tán. Ó dìde díẹ̀díẹ̀.

"Olówó mi ń rẹ oúnjẹ mi sínú ọbẹ̀ kó lè rọ̀. Títí di òní, mi ò rò ó rí pé mo wúwo fún un. Bí ẹ bá ṣe òfin yìí, láti ọ̀la lọ, bó bá ti gbé àwo mi sílẹ̀, màá máa tẹ́tí sí èémí rẹ̀, bóyá ó ń retí kí n béèrè. Kò ní sọ nǹkan kan. Ẹni rere ni. Ṣùgbọ́n èmi á máa gbọ́ ọ."

"Pẹ̀lẹ́, Ajá."

Wọ́n wá ní kí Akínsànmí fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Omítóyìn gbé orí rẹ̀ lé itan.

Ó ní, "Ẹ ṣeun. Òótọ́ ni gbogbo yín sọ. Ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ dìde dúró kí ẹ tó sọ ọ́. Kò sí ọ̀kan nínú yín tí mi ò gbé kọjá odò yìí rí. Mi ò dá ẹnikẹ́ni dúró sáàárín omi. Èmi nìkan ló wà láàárín omi báyìí. Mi ò bínú sí ayé. Ayé dùn mọ́ mi. Mo fẹ́ gúnlẹ̀ ni."

Ẹfọ̀n tẹ orí ba wo Akínsànmí. Nígbà tó gbé e sókè, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Paramọ́lẹ̀, padà sábẹ́ igi rẹ. Etídò ò ní fi ẹnu ara rẹ̀ rán eyín rẹ níṣẹ́. Ohun tó ń ba Ajá lẹ́rù ń ba èmi náà lẹ́rù, mi ò lè ṣe é. Morónìkẹ́, mo mọ̀ pé mi ò dá ọ lóhùn. Mi ò ní ìdáhùn."

Morónìkẹ́ ní, "Kó máa jẹ̀rora lọ nìyẹn?"

Àwọn ará ìlú ti ń dìde nígbà tí Ajá àgbà tún sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Baálẹ̀, mi ò ríran, etí ni mo fi ń gbé ayé. Nǹkan kan ń yà mí lẹ́nu. Ikú kò kọ bàbá yìí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń gbọ́ ohùn kan tó ń béèrè nínú ilé yẹn. Mo sì ń gbọ́ ohùn kejì tó ń dáhùn."

Gbogbo ojú yí sí Omítóyìn. Eṣinṣin bà lé ojú bàbá rẹ̀, ọmọ náà kò lè gbé ọwọ́ lé e. Ìtìjú bò ó, ìbànújẹ́ bò ó, ó sì bínú sí Ajá bí ẹni pé ó jí nǹkan òun. Morónìkẹ́ ló rìn wá, tó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó sì lé eṣinṣin náà.

Ẹfọ̀n ní, "Ìlú ò lẹ́nu nínú èyí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń béèrè àti ẹni tó ń dáhùn ni. Ẹ gbé e relé."

Wọ́n gbé e relé. Ó ku bàbá àti ọmọ.

Omítóyìn ní, "Bàbá, ẹ ránṣẹ́ sí ejò, ẹ ò sọ fún mi."

"Mo kọ́kọ́ sọ fún ọ, Àríkẹ́."

Ó wólẹ̀, ó sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́ta. "Ta ló máa mọ oríkì mi? Bí ẹ bá kọjá lọ, ta ni mo fẹ́ máa sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ bá?"

Bàbá rẹ̀ kò lè gbé ọwọ́ fi kàn án, ó kàn ń wò ó. Ó ní, "Ìwọ lo gbé àjẹ̀ báyìí. Àwọn mìíràn ló máa sáré sọ̀ kalẹ̀ wá bá ọ. Ojú mi á máa ro ọ́ níbẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé kò ní dùn wá."

"Ẹ fún mi ní ọ̀la."

"Mo fún ọ ní ọ̀la."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó béèrè. Ẹ dá a lóhùn, ó ti gbà fún un. Ó ku ẹnì kan bí?

"Ó ku èmi o!"

Ilẹ̀ mọ́. Omítóyìn kò lọ sódò. Ó po omi lọ́wọ́ọ́wọ́, ó wẹ bàbá rẹ̀, ó fi òrí pa á lára, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀. Bàbá ní ẹja àrọ̀ ló ń wu òun. Ó sè é. Bàbá tọ́ ọbẹ̀ náà wò lẹ́ẹ̀mejì péré, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù. Omítóyìn rẹ́rìn-ín, nítorí láti ìgbà tó ti ń dáná ni bàbá rẹ̀ ti ń sọ ọ́. Bàbá fi ibi tí ọkọ̀ ń jò hàn án pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó sọ ìtàn ìyá rẹ̀ fún un, bó ṣe ń bẹ̀rù omi, bó ṣe máa ń di etí ọkọ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Omítóyìn ṣí ilẹ̀kùn kí bàbá rẹ̀ lè rí odò. Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀. Èémí bẹ̀rẹ̀ sí í fà.

Ó ku ẹnì kan bí?

"Ó ku è..."

Ṣìì. Àlàbá, má dáhùn. Ẹ̀yin náà, ẹ má dáhùn. Mo mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ yín. Ẹ fọwọ́ bo ẹnu.

Omítóyìn náà fi etí aṣọ rẹ̀ bọ ẹnu, ó gé e jẹ.

Ó ku ẹnì kan bí?

...

Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ sáré. Ó di etí ẹní mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó ku ẹnì kan bí?

...

Ẹ káre. Ṣé ẹ rí bó ṣe nira tó? Bó ṣe nira fún òun náà nìyẹn.

Akínsànmí wo ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó ku Àríkẹ́. Ó mọ̀ dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ sì kọjá sí odò. Ó tú okùn.

Ní òwúrọ̀, Omítóyìn fúnra rẹ̀ ló tù ú kọjá. Wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àwẹ̀ró lórí òkè.

"Ìyá Àgbà, ṣé ó pa á ni?"

Ṣèyí, ohun tí Etídò ń bára wọn jà sí nìyẹn. Àwọn kan ní ó pa á, àwọn kan ní ó dá a sílẹ̀ ni. Ewúrẹ́ kò kí i fún odidi ọdún kan. Morónìkẹ́ ń gbé ẹja yíyan wá fún un ní gbogbo ọjọ́ ọjà. Àwọn méjèèjì ló ń wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ń gbé àwọn méjèèjì.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ̀ ìkẹyìn bá fẹ́ ṣí, Omítóyìn á kọjú sí ìlú, á béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn èrò inú ọkọ̀ ti mọ̀ pé lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, kì í tètè tú okùn. Á dúró díẹ̀. Á tẹ́tí sí òdìkejì omi. Wọn kì í kán an lójú.

Ìdí tí mo fi pa á fún yín nìyí: kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ẹlòmíràn sínú ọkọ̀ ìkẹyìn, kí ìlú má sì sọ ọ́ di àṣà. Ṣùgbọ́n bí ẹni wa bá ti rìn dé èbúté, tó ti rẹ̀ ẹ́, tó ń bẹ̀ wá, kí a má fi ìfẹ́ ṣe okùn tí a ó fi so ó mọ́ ìrora.

Àlọ́ mi gúnlẹ̀ rèé. Bí mo bá purọ́ nínú rẹ̀, kí àjẹ̀ ẹnu mi ṣẹ́ láàárín odò. Bí n kò bá purọ́, kí ó lu omi lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ gbọ́ ọ. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un.

"Pọ́! Pọ́! Pọ́!"

Ó gúnlẹ̀. Ó yá, ẹ dìde, oorun ti dé. Ṣèyí, ká ẹní. Ẹ̀yin ọ̀hún, ẹ wọlé. Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn o. Ó ku ẹnì kan bí?

"Ó ku èmi o, Ìyá Àgbà! Ẹ dúró, mò ń wá bàtà mi!"

Mo mọ̀ pé ó ku ìwọ, Àlàbá. Rọra wá a. Mo dúró.